Fídánsì Tí Biáù Fi Ọwọ́ Ara Rẹ̀ Ṣe

Láti ìgbà tí mo ti fẹ̀yìn tì ni àwọn òbí ti ń mú ọmọ wọn wá bá mi. Wọ́n á jókòó sórí bẹ́ǹṣì iwájú ilé, wọ́n á kí mi dáadáa, wọ́n á béèrè ìlera mi, lẹ́yìn náà ni wọ́n á sọ ohun tó gbé wọn wá: ṣé kí ọmọ lọ kọ́ṣẹ́ mẹkáníìkì ni, àbí kó máa bá ìwé rẹ̀ lọ? Ìbéèrè yẹn máa ń bí mi nínú. Kì í ṣe pé ó burú. Mo mọ ilé kan ní Ṣábẹ̀ẹ́ níbí tí wọ́n ti béèrè rẹ̀, tí wọ́n sì dáhùn rẹ̀ kíákíá, ojú mi sì rí ohun tó tẹ̀yìn rẹ̀ wá. Dípò kí n máa dá ẹnì kọ̀ọ̀kan lóhùn, mo ní kí n kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹni tó bá ń wá ọ̀rọ̀ dídùn, kó yáa lọ síbòmíràn.

Bọ̀nì ni orúkọ mi. Abẹ́ mọ́tò ni mo ti lo ayé mi, létí ọ̀nà ńlá tó ti Kòtónù lọ sí Pàrákú. Bí mo ṣe débẹ̀ kò gùn. Bàbá mi tó ń gbin iṣu ní Àdìdó kú, agbára ìyá mi kò ká owó ilé ìwé, ẹ̀gbọ́n ìyá mi sì mú mi lọ bá Ọ̀gá Wórù. Wọ́n gbé obì sílẹ̀, wọ́n sọ̀rọ̀ díẹ̀, ó parí. Ohun tí mo rí níbi iṣẹ́ náà tó mi jẹ, ó sì tó mi kọ́ ilé tí mò ń gbé. Ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀.

Ọ̀gá Wórù ni kí n sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀. Ó ga, ó gbẹ, kì í pariwo, ìdí nìyẹn gan-an tí a fi ń bẹ̀rù rẹ̀. Òróró gbígbóná ti bó ọwọ́ òsì rẹ̀ láti ìgúnpá dé ọrùn ọwọ́. Awọ ibẹ̀ ń dán, bí ọyẹ́ bá sì dé, á máa fà á débi tí kò ní lè di nǹkan mú dáadáa. Ní gàráàjì rẹ̀, ọmọ iṣẹ́ tuntun kì í fọwọ́ kan inú ẹ́ńjìnnì. Fídánsì nìkan ló ń ṣe, ìyẹn ni pé kó tú òróró tó ti gbó dànù, kó pààrọ̀ asẹ́ rẹ̀, kó sì rọ tuntun sí i. Gbogbo èèyàn ló rò pé fídánsì kò ju kéèyàn tú bọ́ọ̀tì kan lọ. Lójú Ọ̀gá, ibẹ̀ ni iṣẹ́ wà.

"Ìwọ tí o kò mọ bí wọ́n ṣe ń yọ òróró," bó ṣe máa ń wí nìyẹn, "kí lo fẹ́ wá wá nínú ẹ́ńjìnnì onílé?"

A kọ́kọ́ máa ń jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì gbóná díẹ̀, kí ìdọ̀tí lè bá òróró jáde. Lẹ́yìn náà ni ọmọ iṣẹ́ á dùbúlẹ̀ sórí páálí, á fi kíléè, èyí tí àwọn ará Nàìjíríà ń pè ní sípánà, dẹ bọ́ọ̀tì ìsàlẹ̀, á wá fi ìka tú u parí, á sì fa ọwọ́ yọ kí òróró tó lé e bá. Bí bọ́ọ̀tì bá jábọ́ sínú ọpọ́n, ọwọ́ lásán lo máa fi wá a nínú òróró gbígbóná. Tí òróró bá tán, wàá fi ìka ra á, wàá gbóòórùn rẹ̀, wàá sì wá jíṣẹ́ fún Ọ̀gá: ṣé omi wà nínú rẹ̀, ṣé ó ń rùn bíi bẹntiróòlù, ṣé nǹkan wẹ́wẹ́ kan ń dán nínú rẹ̀, torí ìyẹn ni pé irin ti ń jẹ irin. Bí o bá parọ́, tí o ní o rí ohun tí o kò rí, o gbé. Èmi parọ́ lẹ́ẹ̀kan. Ẹ̀yìn mi kò jẹ́ kí n gbàgbé.

Ṣùgbọ́n ohun tí Ọ̀gá kò gba gbẹ̀rẹ́ lé lórí rárá ni ohun tí mọ́tò bá dúró lé. Ẹ ṣáà mọ Ṣábẹ̀ẹ́. Àpáta ló yí wa ká, òkúta kò wọ́n wa. Ẹni tí ilẹ̀kùn rẹ̀ kò dúró á fi òkúta dí i, ẹni tí táyà rẹ̀ jò sójú ọ̀nà á wá òkúta. Àwọn gàráàjì tó kù, òkúta ni wọ́n ń tò sábẹ́ mọ́tò tí wọ́n bá ti fi kíríkì, ìyẹn jáàkì, gbé e sókè. Ọ̀gá kò gbà. Gẹdú igi apá ló ń lò, òun fúnra rẹ̀ ló gé wọn, tó sá wọn lábẹ́ òrùlé títí wọ́n fi gbẹ. Ó ń tì wọ́n mọ́ yàrá lálaalẹ́ bí ẹni tó ń pa góòlù mọ́. A máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ lẹ́yìn rẹ̀.

Lọ́jọ́ kan, ọkọ̀ akẹ́rù kan tó kó ìrèké dé, gbogbo gẹdú wa sì ti wà lábẹ́ ọkọ̀ mìíràn. Ara mi kò balẹ̀. Mo sáré lọ síbi tí àwọn obìnrin ti ń fọ́ òkúta fún àwọn kọ́lékọ́lé, mo gbé òkúta méjì wá. Wọ́n dára lójú, ẹ̀gbẹ́ wọn tẹ́ pẹrẹsẹ bíi búrẹ́dì. Mo tò wọ́n, mo wọlé sábẹ́ ọkọ̀. Kò pẹ́ tí ẹnì kan fi gbá ẹsẹ̀ mi méjèèjì mú, tó sì wọ́ mi jáde débi tí páálí fi ya lábẹ́ mi. Ọ̀gá ni. Ìbínú kò hàn lójú rẹ̀. Ó ní kí n lọ mú òkúta mìíràn wá láti ẹsẹ̀ òkè, èyí tí ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kàn rí. Nígbà tí mo gbé e dé, ó fún mi ní òòlù.

"Lu ti ẹsẹ̀ òkè."

Mo lù ú. Òòlù ta padà, ọwọ́ mi kú tipiri.

"Lu ti àwọn obìnrin."

Mo lù ú, n kò tilẹ̀ lù ú tó ti àkọ́kọ́. Ó là sí mẹ́ta, inú rẹ̀ sì ń ya bọ́ sílẹ̀ wẹ́wẹ́ bí iyọ̀.

"Iná ni wọ́n fi ń là á kúrò lára àpáta," ni Ọ̀gá wí. "Wọ́n á kó igi àti táyà tó ti gbó lé e lórí, wọ́n á sun ún títí á fi là. Èyí tí o rí pé kò là yẹn, iná ti wọ inú rẹ̀, ojú ni kò rí i. Ṣé o wá rí i báyìí?"

Mo ní mo ti rí i. Ìgbà yẹn ló tó wá nà mí. Gbogbo ọmọ iṣẹ́ tó dé lẹ́yìn mi ló lu irú òkúta méjì bẹ́ẹ̀, tó sì jẹ nínú pàṣán náà. N kò mọ ẹnì kan nínú wa tó tún fi òkúta sábẹ́ mọ́tò láyé rẹ̀. Kì í ṣe pé a gbọ́n. Ọwọ́ wa ni kò gbà á mọ́.

Ọ̀gá ní àwọn ọmọbìnrin, ṣùgbọ́n àwọn ọmọkùnrin tó kọ́kọ́ bí kò dúró. Biáù nìkan ló yè nínú wọn. Nígbà tí ọmọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í rìn, gàráàjì ló ń rìn bọ̀. Ìyá rẹ̀, tó ń ra kájú lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀ Òkpárá, dé nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ó sì bá a lábẹ́ ọkọ̀ pẹ̀lú wa, òróró ti sọ ojú rẹ̀ di dúdú. Ó dúró. Ó wo ọwọ́ ọkọ rẹ̀ tó bó, ó wo ọmọ, ó tún padà wo ọwọ́ náà.

"Bàbá Biáù, ẹ gbọ́ mi o. Ọmọ mi kò ní sùn sábẹ́ mọ́tò ẹlòmíràn. Lékóòlì ló ń lọ, ìwé ló máa kà."

"Iṣẹ́ yìí ló ń bọ́ wa," ni Ọ̀gá fèsì.

"Mo mọ̀, mo sì dúpẹ́. Mo ti sin ọmọ tó. Ẹ búra fún mi pé ẹ kò ní kọ́ ọ."

Ọ̀gá búra lójú gbogbo wa. Ẹni tó bá mọ Ọ̀gá mọ̀ pé ìyẹn ti parí. Láti ọjọ́ náà, bí Biáù bá bi í pé kí ni wọ́n ń pe irin báyìí, á ní kó lọ ka ìwé rẹ̀. Mo máa ń rí ojú Ọ̀gá nígbà tí ọmọ náà bá yí ẹ̀yìn padà. Ó ń dùn ún, ó sì ń dun èmi náà, ṣùgbọ́n ta ni mo jẹ́ láàárín tọkọtaya?

Biáù kàwé. Ó ka ti ibí tán, ó lọ sí Kòtónù, ó kọjá lọ sókè òkun, ó padà wá ń ṣe iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ní ọ́fíìsì ńlá kan ní Kòtónù. Gbogbo àdúgbò ní ìyá náà gbọ́n. Èmi náà sọ bẹ́ẹ̀, mo sì rò ó dénú.

Ọ̀gá kú sórí ibùsùn rẹ̀, mo dúpẹ́ fún ìyẹn. Mo gba gàráàjì lọ́wọ́ ìdílé, mo gbé e lọ sí ìsọ̀ tèmi níwájú díẹ̀, mo sì kó àwọn gẹdú apá náà dání. Ọdún ń gorí ọdún. Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀, o lè jókòó sínú iwájú ọkọ̀ akẹ́rù kí o máa tún ẹ́ńjìnnì ṣe, àyè wà níbẹ̀ bíi ti yàrá. Nígbà tó yá, àwọn ẹ́ńjìnnì ń há, wọ́n ń fi ike bò wọ́n, ìka mi kò wọlé mọ́. Lẹ́yìn náà ni mọ́tò bẹ̀rẹ̀ sí í fi iná kékeré sọ ohun tó ń ṣe é, tí kò sì sí bí o ṣe lè gbọ́ èdè rẹ̀ láìní ẹ̀rọ kan tí wọ́n ń kì bọ abẹ́ àga awakọ̀. Raúfù, ọmọ iṣẹ́ mi àgbà, ra ẹ̀rọ náà. Ó ń wo telefóònù, ó ń sọ àrùn mọ́tò fún mi, èmi sì dúró bí àlejò nínú ìsọ̀ ara mi. Ẹ̀yìn ti ń dùn mí, ikọ́ kò sì jẹ́ kí n sùn. Mo gbé gàráàjì fún un, mo lọ jókòó sílé. Bí iṣẹ́ mi ṣe parí nìyẹn. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, bí ẹ bá rò pé wọ́n á lu ìlù fún yín lọ́jọ́ náà, ẹ tètè gbàgbé rẹ̀.

Kò pẹ́ sígbà tí mo fẹ̀yìn tì ni Biáù gbé mọ́tò kan wálé. Irú mọ́tò tí wọ́n fi ń sáré ìje ni, tuntun, ó pupa, ó sì lọ sílẹ̀ débi pé ewúrẹ́ kò lè ráyè kọjá lábẹ́ rẹ̀. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ wà lẹ́yìn. Gbogbo àdúgbò jáde wá wò ó. Ó ti tó ogójì ọdún dáadáa nígbà náà, irun rẹ̀ ti ń funfun létí, ṣùgbọ́n ẹ̀rín ọmọdé wà lójú rẹ̀. Ó wá sí ilé mi, ó dọ̀bálẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n Bọ̀nì, mọ́tò yìí ti ní òun ń fẹ́ fídánsì. Èmi fúnra mi ni mo fẹ́ ṣe é."

"Ìwọ? Pẹ̀lú ọwọ́ dídán yìí?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Mo ti ń ṣe é ní Kòtónù, Ẹ̀gbọ́n. Orí telefóònù ni mo ti kọ́ ọ. Mo ti gbé òróró tuntun àti asẹ́ dání. Ṣùgbọ́n n kò tíì ṣe é nílé rí. Ní ojúlé bàbá mi ni mo fẹ́ ti ṣe é. Ẹ wá jókòó tì mí. Ẹ má fọwọ́ kan nǹkan kan o, kí ẹ ṣáà máa wò mí. Bí mo bá ṣe é tán, kí ẹ sọ ohun tí bàbá mi ì bá sọ."

Ohun tó ń fẹ́ nìyẹn. Kì í ṣe owó fídánsì ló ń dun ẹni tó gun irú mọ́tò bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lọ́kàn, mo sì bá a lọ.

Ojúlé náà kò tíì yí padà púpọ̀, àfi pé Biáù ń mọ ògiri yí ilé ìyá rẹ̀ ká, wọ́n sì ti da òkúta ìpìlẹ̀ jọ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ìyá jókòó sábẹ́ àtíbàbà, ó ti di arúgbó, ó ń ṣa ìrẹsì. Nígbà tó rí i tí ọmọ rẹ̀ wọ ṣòkòtò iṣẹ́, ó gbé ojú kúrò lára ìrẹsì. Ó kàn wò ó.

"Àwọn ẹsẹ̀ irin tí mo fi ń gbé e dúró wà ní Kòtónù," ni Biáù wí. "Àyè kò sí nínú mọ́tò láti kó wọn."

Ọkọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Láyé, na ọwọ́ sí òkúta ògiri. "Ìwọ̀nyí ńkọ́? Wọ́n tẹ́ dáadáa."

Mo ní, "Rárá o. Òkúta tí wọ́n ti dáná sun ni. Ọ̀gá kì í jẹ́ ká lò ó, inú rẹ̀ ti fọ́."

"Bàbá mi," ni Biáù wí, ó ń rẹ́rìn-ín, "ohun tí kì í jẹ́ kí èèyàn lò pọ̀ jù."

Ó mi orí fún mi bí a ti ń mi orí fún àgbà. Mo ránṣẹ́ sí Raúfù, ó fi ọ̀kadà kó gẹdú apá mẹ́rin wá.

Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́: Biáù mọ iṣẹ́ náà. Mọ́tò yẹn lọ sílẹ̀ débi pé kíríkì kò lè wọ abẹ́ rẹ̀, Biáù sì kọ́kọ́ wà á gun pákó kó tó lè rí àyè. Igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló gbé sókè, torí ó ní bí mọ́tò kò bá tẹ́ dọ́gba, òróró kan á ṣẹ́kù sínú. Abẹ́ rẹ̀ kò ṣí sílẹ̀ bíi ti àwọn tí mo mọ̀. Wọ́n fi ike pẹrẹsẹ bò ó látòkèdélẹ̀ kí afẹ́fẹ́ má bàa dá a dúró. Ó ń tú ìṣó rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń tò wọ́n sórí aṣọ. Bọ́ọ̀tì ìsàlẹ̀ kì í ṣe ẹyọ kan, méjì ni. Ó tú ti àkọ́kọ́ dé òpin, ó fa ọwọ́ yọ kíá, òróró sì yọ dúdú, kò kan ìka rẹ̀. Mo pariwo láìmọ̀.

"Ta ló kọ́ ọ ní ìyẹn?"

"Mo máa ń wò yín láti ojú fèrèsé nígbà tí mo wà ní kékeré," ló wí láti abẹ́ mọ́tò.

Ó fi òróró náà ra ìka, ó gbóòórùn rẹ̀, ó na ọwọ́ jáde sí mi kí èmi náà gbóòórùn. Mo gbọ́ tí ìyá rẹ̀ dá ìrẹsì ṣíṣà dúró. Ó pààrọ̀ asẹ́, ó fi bọ́ọ̀tì tuntun sí i, ó fi kíléè kan tó ń dún tí bọ́ọ̀tì bá ti le tó dì wọ́n. Òróró tuntun tó rọ sí i ṣàn bí omi, n kò rí irú rẹ̀ rí nígbà tiwa. Mọ́tò náà kò sì ní ọ̀pá tí a fi ń wọn òróró. Ó ní láti tan ẹ́ńjìnnì, kó gbóná, kí mọ́tò fúnra rẹ̀ kọ ọ́ sójú àwòrán pé òróró ti tó. Ó kọ ọ́. Biáù da ike ìbora padà, ó gbé mọ́tò sílẹ̀, ó dúró níwájú mi, òróró wà lójú rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, kí ni bàbá mi ì bá sọ?"

Mo ní, "Kò ní sọ nǹkan kan. Á wo ilẹ̀ bóyá o da òróró sí i, á sì lọ jẹun. Ìyẹn ni pé o yege."

Ó bú sẹ́rìn-ín, omi sì wá sójú rẹ̀. Inú mi dùn lọ́jọ́ yẹn ju ọjọ́ tí wọ́n dá èmi fúnra mi sílẹ̀ lẹ́nu ìkọ́ṣẹ́ lọ.

Ọkọ̀ akẹ́rù kan ń dúró de Raúfù ní gàráàjì, ó kó gẹdú rẹ̀ lọ, iṣẹ́ ṣáà ti parí. Èmi lọ kírun àlàásárì ní mọ́ṣáláṣí tó wà nítòsí. Nígbà tí mo ń bọ̀, mo rí i láti ẹnu ọ̀nà pé ẹ̀gbẹ́ kan mọ́tò náà ti tún ga sókè, ẹsẹ̀ Biáù sì yọ síta lábẹ́ rẹ̀. Láyé jókòó tì í, ó ń tan iná telefóònù sí i. Wọ́n ti yọ kíríkì kúrò. Òkúta ògiri ni mọ́tò dúró lé.

Mo kígbe, "Biáù! Jáde! Jáde kíá!"

"Ẹ má bínú, Ẹ̀gbọ́n, òróró kán tó sílẹ̀ ni mo fi ní kí n wò ó." Ohùn rẹ̀ dùn, kò sí ìbẹ̀rù nínú rẹ̀. "Mo ti ń jáde bọ̀."

Ìró tó dún kò ju ti ẹni tó bu orógbó jẹ lọ. Mo ṣì ń gbọ́ ọ. Mo rí òkúta náà tó tú ká, mo rí mọ́tò pupa náà tó jókòó sílẹ̀ jẹ́jẹ́, bí ìgbà tí èèyàn bá jókòó sórí ẹní. Mọ́tò tó ga á fi àyè sílẹ̀ fún èèyàn. Èyí kò ní àyè kankan lábẹ́ rẹ̀.

Gbogbo àwọn ọkùnrin àdúgbò sáré dé, a gbé e sókè pẹ̀lú ọwọ́ wa. A tẹ́ Biáù sẹ́yìn ọkọ̀ aládùúgbò kan, mo gbé orí rẹ̀ lé itan mi, a kọjú sí ilé ìwòsàn. Àyà rẹ̀ ti wọlé. Agbára káká ló fi ń mí. Ó la ojú, ó dá mi mọ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, ṣé ó ń jò?"

"Kò jò," ni mo wí. N kò tíì wò ó, ṣùgbọ́n mo rí ọwọ́ rẹ̀ nígbà tó ń dì í. "Kò jò, Biáù. O ṣe é dáadáa."

Ó mi orí. A kò tíì dé ilé ìwòsàn tó fi lọ.

Lẹ́yìn tí wọ́n sin ín, àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ láti Kòtónù fẹ́ wá gbé mọ́tò náà lọ. Mo ní kí wọ́n dúró. Èmi àti Raúfù fi gẹdú gbé e, ìgbà àkọ́kọ́ tí mo tún wọ abẹ́ mọ́tò láti ìgbà tí mo ti fẹ̀yìn tì. Mo tú ike ìbora, mo fọwọ́ pa bọ́ọ̀tì méjèèjì. Wọ́n gbẹ. Òróró àtijọ́ díẹ̀ tó dúró sórí ike ìbora ló kán sílẹ̀. Ohun tó torí rẹ̀ wọlé padà kò sí rárá. Mo dùbúlẹ̀ síbẹ̀, mo sunkún, Raúfù kò sì pè mí.

Nígbà tí àwọn àlejò ti tán, ìyá rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi. Ó ti gún iyán, ó gbé e sí iwájú mi, ó jókòó sórí ẹní, kò sunkún.

"Bọ̀nì, iṣẹ́ tó ṣe yẹn, ṣé ó dára?"

"Ó dára, Ìyá. Kò sí ẹni tó lè ṣe é jù bẹ́ẹ̀ lọ."

"Òkúta ló pa á nígbà náà."

"Òkúta ni, Ìyá."

"O sọ fún un pé kó má lò ó. Mo gbọ́. Mo wà níbẹ̀."

"Mo sọ fún un, Ìyá. Ó jọ pé kò gbà á gbọ́."

"Ìwọ ńkọ́, ká ní ìwọ lo wà níbẹ̀, gẹdú kò sí, mọ́tò ń kán. Ṣé wàá lò ó?"

"Rárá, Ìyá."

"Raúfù ńkọ́?"

"Raúfù náà kò ní lò ó. Èmi ni mo kọ́ ọ."

"Ìwọ, ta ló kọ́ ọ?"

N kò lè pe orúkọ ọkọ rẹ̀ fún un, ọkọ tó mú búra pé kò ní kọ́ ọmọ rẹ̀, n kò sì lè parọ́. Mo wo ilẹ̀. Ó wò mí títí, mo mọ̀ pé ó ti gbọ́ ohun tí n kò sọ.

"Jẹun," ló wí, ó sún abọ́ náà mọ́ mi. "Ó ń tutù."

Mo bu òkèlè, mo sì gbé e mì, torí pé n kò mọ ohun mìíràn tí mo lè ṣe fún un.